Nígbà tí Mẹ́dọ̀wú C Bá Wọ Ìdílé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará ìlú ní Òtu, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, inú yàrá la ti sábà máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Òun ni ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú C, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà, àti ohun tó yẹ kí ìdílé ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àyẹ̀wò ẹnìkan nínú wọn.

Bó ṣe sábà máa ń wọlé rèé. Ìyàwó ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, dókítà ní kí wọ́n tètè wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n fa tòun. Ara rẹ̀ le, oko iṣu tó ń kọ ebè sí ni wọ́n ti fi ọ̀kadà gbé e wá. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí láàbù. Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì pè é sí kọ̀rọ̀: "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, a ò lè lo ẹ̀jẹ̀ yín. Hepatitis C wà níbẹ̀." Wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan, nọ́ọ̀sì sì sáré padà sọ́dọ̀ aláboyún, nítorí ẹ̀mí méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn ń múra ìgbéyàwó, tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, ló gbọ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn, ìgbà tó lọ forúkọ oyún sílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ohun tó ń ṣe wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ìyá ọkọ ní ayé ló fẹ́ pa ọmọ òun. Ẹbí ìyàwó ní ìrìnkurìn ló fi kó o. Ẹnìkan ra abọ́ àti ife ọ̀tọ̀ fún un, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má jẹ àjẹkù bàbá wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé Ìsẹ́yìn fi àgbo ránṣẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ní kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Olúkúlùkù ló ti ṣe nǹkan kan, kò sì tíì sí ẹni tó béèrè pé àyẹ̀wò wo ló kàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, ẹ̀ka rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí. Ìdílé tí mẹ́dọ̀wú C bá wọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó sin ẹni rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò kejì, kó sì dúró tì í títí yóò fi lo oògùn tán. Ọ̀rọ̀ ta ló kó o wálé, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Àwọn àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà tó máa ń pẹ́ lára, tí oògùn sì lè lé kúrò pátápátá, kò pọ̀ rárá. Mẹ́dọ̀wú C jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá tọwọ́ rẹ̀ kú lóde òní, ó sábà máa ń jẹ́ pé nǹkan kan ló dí ọ̀nà tó yẹ kó gbà dé ibi ìwòsàn, àwa tí a wà nílé sì wà lára ohun tó ń dí i.

ÌWÉ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ jẹ́ ká wo àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Ike funfun kékeré kan ni, kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn. Ó ní ihò tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí àti ojú tóóró kan tí ìlà ti ń yọ. Wọ́n á gún yín ní ṣóńṣó ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n á kán omi inú ìgò kékeré kan tẹ̀ lé e, ẹ ó sì jókòó dè é fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tóóró yẹn, lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀, C àti T. Àwọn kan máa ń rí ìlà níwájú C, ẹ̀rù á sì bà wọ́n pé hepatitis C ti yọ. Lẹ́tà yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú orúkọ àrùn. Lára gbogbo èèyàn ni ìlà C gbọ́dọ̀ ti yọ, torí òun ló ń fi hàn pé ike náà ṣiṣẹ́. Bí kò bá yọ, ike ti bàjẹ́, kí wọ́n mú òmíràn. Ìlà T ni ká máa wò.

Bí ìlà T bá wá yọ ńkọ́? Ohun tó ń sọ ni pé ara ẹni yìí ti pàdé kòkòrò mẹ́dọ̀wú C rí, ó sì ti pèsè ọmọ ogun tó fi bá a jà. Àwọn ọmọ ogun yẹn ni ike rí, kò rí kòkòrò fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú èèyàn 10 tó bá kó kòkòrò yìí, nǹkan bí 3 ni ara wọn máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, láìlo oògùn kankan. Kòkòrò ti lọ, àmọ́ àwọn ọmọ ogun á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti lo oògùn tó sì ti sàn náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ìlà T á máa yọ lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà ó lè jẹ́ títí ayé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo àyẹ̀wò kejì. Òun ló ń wá kòkòrò náà gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. RNA tàbí viral load ni wọ́n máa kọ sórí ìwé rẹ̀. Bí wọn kò bá rí kòkòrò, kí Bàbá Ìbejì padà sídìí ebè rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, ìgbà yẹn la tó lè sọ pé ó ní àrùn náà, ìgbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ oògùn bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é. Ó lè gba pé kí ẹ dé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ níbi tí ẹ wà kí wọ́n fi ránṣẹ́. Owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ibí ni ẹbí ti kọ́kọ́ wúlò. Bí a bá lè dá owó aṣọ ẹbí nítorí òkú, a lè dá owó àyẹ̀wò nítorí alààyè.

IBO LÓ TI WÁ?

Mo mọ̀ pé bí mo tilẹ̀ ní kí ìbéèrè yìí dúró ná, ẹ ṣì máa bi mí. N óò dáhùn, nítorí ìdáhùn rẹ̀ gan-an ló máa tú ẹ̀sùn ká.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò mẹ́dọ̀wú C ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Láti nǹkan bí 1970 sí 1979 ni Harvey Alter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti rí i pé àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ń ní àrùn ẹ̀dọ̀ kan tí kì í ṣe A, tí kì í sì í ṣe B. Ọdún 1989 ni Michael Houghton, Qui-Lim Choo, George Kuo àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tó dá kòkòrò náà mọ̀. Charles Rice ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun nìkan tó láti fa àrùn ọ̀hún. Alter, Houghton àti Rice jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 2020. Ẹ kíyè sí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wa: ẹnikẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ kí 1989 tó dé, níbikíbi lágbàáyé, kò sí láàbù kankan tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún àrùn yìí. Ní Nàìjíríà, ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbà sílẹ̀. Ìyá tó gba ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?

Ẹ tún gbọ́ ti Íjíbítì. Àtọ̀sí ajá, èyí tí ọmọ tó ń wẹ̀ lódò fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, gbilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ etí odò Nile. Láti nǹkan bí 1950 títí wọ ọdún 1980 síwájú, ìjọba ń kó àwọn ará abúlé jọ, wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́ láti wo àtọ̀sí ajá. Abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara ẹnìkan ló ń wọ ara ẹlòmíràn, wọn kì í sì í sè é bó ti yẹ. Wọ́n gbógun ti àtọ̀sí ajá, mẹ́dọ̀wú C gba ẹ̀yìn wọlé. Íjíbítì di ọ̀kan lára ibi tí mẹ́dọ̀wú C ti pọ̀ jù lọ láyé. Ìjọba tó fẹ́ wo àwọn èèyàn rẹ̀ sàn ló kó o bá wọn láìmọ̀.

Tiwa ní agbègbè Òkè-Ògùn níbí kò jìnnà sí èyí. Abẹ́rẹ́ ibà tí oníkẹ́míìsì fi gún ẹnìkan tó tún fi gún ẹnìkejì. Abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo agboolé lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó kan orí àbúrò. Irin kan tí olóólà fi dábẹ́ fún ọmọ mẹ́ta. Hìjámà, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ fífà jáde lára, tí wọ́n ṣe láìpààrọ̀ abẹ. Kílípà tí onígbàjámọ̀ kàn fi aṣọ nù. Àwọn ọmọ Hausa tó ń gé èékánná káàkiri ọjà, tí wọ́n ń lu àlùmọ́gàjí wọn kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ láti fi pe oníbàárà, mélòó nínú yín ló ti rí i kí wọ́n fọ irin yẹn kí wọ́n tó kàn yín? N kò sọ pé kí ẹ má sín gbẹ́rẹ́ mọ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí hìjámà. Abẹ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ ra tiyín dání, kí wọ́n tú u nínú bébà lójú yín, kí wọ́n sì sọ ọ́ nù lójú yín.

Kòkòrò yìí lè wà lára fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ lónìí, ó lè jẹ́ gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín fún un nígbà tó wà ní kékeré, ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ tó gbà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ kì í sábà lè tọ́ka sí ọjọ́ náà. Láàárín tọkọtaya, kì í sábà gba ọ̀nà ìbálòpọ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin àna, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìwé àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú C kò lè ṣe ẹ̀rí panṣágà níwájú ẹnikẹ́ni. Mẹ́dọ̀wú B ló ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ àti ìbímọ wọlé ní ìrọ̀rùn, òun sì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún, tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ wa láti 2004. C kò tíì ní àjẹsára.

NÍNÚ ILÉ

Ẹ dá abọ́ bàbá padà sáàárín àwọn abọ́ tó kù. Kòkòrò yìí kì í gba inú oúnjẹ, kì í gba inú omi, kì í gba ikọ́ tàbí ìdìmọ́ra kọjá. Ẹ jẹ́ kí àbíkẹ́yìn jókòó tì í bó ṣe máa ń ṣe, kó sì mú ẹran tó bá ṣẹ́kù fún un nínú abọ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ sún sẹ́yìn nídìí oúnjẹ; kò sí oògùn tó ń wo ìyẹn. Ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo kò pọ̀: abẹ fẹ́lẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ohun ìgékánná, kílípà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, kí ẹni tó máa nù ún fi ọ̀rá bo ọwọ́, kó da omi tí wọ́n po blíìsì mọ́ sí i, kó jẹ́ kó rin ibẹ̀ kó tó nù ún. Ó tán.

Ìyá tó ní in, tó sì lóyún, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti gbogbo èèyàn lọ. Nínú 100 irú wọn, nǹkan bí 6 ni ọmọ wọn máa ń kó o nígbà ìbí. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà kì í kó o. Kó fún ọmọ lọ́yàn. Bí orí ọmú bá là tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nìkan ni kó dá a dúró títí á fi jinná. Ẹ má sì ṣe fi ike àyẹ̀wò yẹn yẹ ọmọ jòjòló wò, torí ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń wà lára ọmọ fún ìgbà pípẹ́, ike á sì pariwo lásán. Ó di ìgbà tó bá pé oṣù 18. Oògùn ti ìyá náà, dókítà sábà máa ń ní kó dúró dìgbà tó bá bímọ tán.

Ta ló yẹ kó gbọ́? Ẹni tó ni ara rẹ̀ ló ni ìpinnu yẹn. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, torí kí òun náà lè lọ ṣe àyẹ̀wò, kó sì mú ẹnìkan tó fọkàn tán tí wọ́n á jọ máa lọ sílé ìwòsàn. Èèyàn méjì ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yékéyéké. Etí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin áfáà, ẹ gbàdúrà fún un, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, àmọ́ ẹ má kéde rẹ̀ níbi ìpàdé àdúrà, ẹ má sì sọ fún un láé pé kó dá oògùn dúró láti fi ìgbàgbọ́ hàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìgbéyàwó. Ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin ti mọ ara wọn dé ilé òbí, wọ́n ti mú ọjọ́, ìwé àyẹ̀wò dé, ẹbí kan sì ní kí wọ́n tú u ká. Èmi kò gbà pé ó tọ́. Ẹni tó máa lo oògùn fún oṣù mẹ́ta kó sì sàn, ẹ sún ọjọ́ síwájú fún un bó bá pọn dandan, ẹ má fi ayé rẹ̀ ṣòfò. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ AS àti AS ni, ó yé mi, torí ìyẹn kò ṣeé fi oògùn pa dà. Èyí ṣeé pa dà.

Ibi tó wá ń ba ìdílé jẹ́ jù lọ ni ìparí àrùn yìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú rẹ̀. Nínú 100 tí kòkòrò náà bá jókòó tì lára, nǹkan bí 15 sí 30 ni ẹ̀dọ̀ wọn máa di àpá láàárín 20 ọdún. Ẹ̀dọ̀ tó ti di àpá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá dáadáa. Omi á kún inú ikùn títí á fi wú bonbo, apá àti èjìká á gbẹ, ẹsẹ̀ á wú, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé wọ́n da àtalẹ̀ pupa sí i. Lọ́jọ́ kan ó lè bì, kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló máa jáde. Òmíràn nínú wọn, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló máa yọrí sí. Ẹ sì mọ ohun tí a máa ń sọ bí a bá rí ikùn bẹ́ẹ̀: wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Orogún ni a óò mú, tàbí ọmọ ìyá tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀, tàbí ìyá arúgbó kan tí kò ní alátìlẹ́yìn. Ilé á pín sí méjì lórí òkú tí kòkòrò kan ti ń pa bọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Bí ikùn ẹnìkan bá ń wú nínú ilé yín, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún B àti C. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

OÒGÙN

Títí di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ interferon ni wọ́n fi ń wo àrùn yìí. Ó máa ń tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó ń fa ibà, ó ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nǹkan bí ìdajì àwọn tó lò ó ló sì ń sàn. Ní Disẹ́ńbà 2013, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró tuntun kan, sofosbuvir. Owó rẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ 84,000 dọ́là fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn 1,000 dọ́là fún hóró kan. Kí ni ti àgbẹ̀ Òtu nínú ìyẹn? Àmọ́ ní 2014, ilé-iṣẹ́ Gilead tó ni oògùn náà gba àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà láyè láti máa ṣe é fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nígbà tó fi máa di 2023, àdéhùn àwọn àjọ àgbáyé ti mú owó ìtọ́jú ẹnìkan wá sí 60 dọ́là fún ìjọba tó bá rà á lọ́pọ̀. Ẹni tó ń ra tirẹ̀ nìkan lọ́jà máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí n tó jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò ṣòro. Sofosbuvir àti daclatasvir, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti di àpá, dókítà lè ní kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 24. Nínú 100 tó bá lò ó bó ti tọ́, ó ju 95 lọ tó ń sàn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún mẹ́dọ̀wú B, nítorí bí wọ́n bá lé C lọ, B tó sùn sínú ara lè jí dìde. Kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, pàápàá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti wárápá àti ti ọkàn, torí àwọn kan nínú wọn máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tàbí kí wọ́n ṣe ara léṣe. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, kò sí ohun tó ń dun èèyàn, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ dáwọ́ dúró. Kí ẹnìkan nílé máa bi í lálaalẹ́ pé, "Ṣé ẹ ti lo ti òní?" Iṣẹ́ yìí dára fún ọmọ tó mọ̀wé.

Bí oògùn bá tán, ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún máa wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, ó ti sàn. Kó tọ́jú ìwé yẹn bí ẹní tọ́jú ìwé ilẹ̀, torí lọ́jọ́ tó bá máa wáṣẹ́ tàbí tó máa rìnrìn àjò, ike á tún fi ìlà T hàn, ìwé yẹn ló máa gbà á sílẹ̀. Ẹni tó sàn lè tún kó o, nítorí náà ọ̀rọ̀ abẹ tuntun kò tán fún un.

Àgbo ńkọ́? Mi ò kẹ́gàn ewé àti egbò. Àwọn bàbá wa fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Àmọ́ kò sí àgbo tí a ti fi àyẹ̀wò RNA hàn pé ó lé mẹ́dọ̀wú C lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló máa ṣiṣẹ́ lórí ohunkóhun tí a bá mu. Ẹ̀dọ̀ tó ti fara pa, tí a tún ń da kẹ́ẹ̀gì àgbo lé lórí láàárọ̀ lálẹ́, à ń fi kún ìyà rẹ̀ ni. Ògógóró àti bùrùkùtù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó bá gbọ́ ìròyìn yìí tó sì gba ilé ọtí lọ láti gbàgbé, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a wá ibòmíràn jókòó.

Èyí tó kan oko wa wà níbẹ̀ náà. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa kí a tó rọ wọ́n sápò, tí wọ́n bu, tí ohun aláwọ̀ ewé hù lára wọn, májèlé aflatoxin wà nínú wọn. Sísè àti yíyan kì í pa á tán. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu rẹ̀ sì le gan-an lára ẹni tí mẹ́dọ̀wú ti ń bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣa ẹ̀pà tó ti bu sọ́tọ̀ láti fi ṣe kúlíkúlí tàbí láti fi yan fún ọmọ. Ẹ dà á nù.

ÌJỌBA ÀTI ÀWA

Nǹkan bí 50 mílíọ̀nù èèyàn ló ní mẹ́dọ̀wú C káàkiri ayé. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe ní gbogbo Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, nǹkan bí 11 ni ẹ̀jẹ̀ wọn fi àmì C hàn. Ti B jẹ́ 81. Àwọn èèyàn wọ̀nyí wà lọ́jà, wọ́n wà lóko, wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì mọ̀.

Íjíbítì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò jókòó sunkún. Láti Ọ̀kítóbà 2018 sí Épírì 2019, wọ́n yẹ nǹkan bí 50 mílíọ̀nù èèyàn wò, wọ́n sì fún àwọn tó ní in lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́, oògùn tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè wọn. Ní Ọ̀kítóbà 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kan sáárá sí wọn pé wọ́n ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà láti lé àrùn náà tán. Nílé níbí, Ìpínlẹ̀ Nasarawa gbé ètò ọdún márùn-ún kalẹ̀ ní 2020 láti gbógun ti mẹ́dọ̀wú C. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà lè ṣe é.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Ike àyẹ̀wò kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kó wà ní àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé wa, ní Òtu, ní Ìpàpó, ní Kòmú, kí gbogbo aláboyún lè ṣe é níbi tó ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Nàìjíríà lè ṣe àyẹ̀wò kejì yẹn náà. Ike tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ bá ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ọ́, kí àgbẹ̀ má baà tìtorí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ Ìbàdàn. Ẹ sì bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n ra oògùn náà lọ́pọ̀.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹni tó bá ti gba ẹ̀jẹ̀ rí nínú yín, ẹni tí wọ́n bá ti fi abẹ àjùmọ̀lò sín gbẹ́rẹ́ fún, ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti gba ìwé pélébé yẹn, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ìlà T bá yọ, ẹ béèrè ti kejì kí ẹ tó sọ ọ́ káàkiri. Ẹ mú ẹnìkan dání lọ.